Ẹni Tó Ń Bá Ayé Wí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Gbèsè

Ẹ̀yin ọmọ Dead Kennedys, etí yín mélòó? Ẹ fi méjèèjì gbọ́ mi.

N kò ní fi iyì yín dù yín. Ní San Francisco lẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978, nígbà tí East Bay Ray onígìtá kéde pé òun ń wá àwọn tí àwọn yóò jọ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Orin pọ́ǹkì yín yára, ó sì pariwo, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ariwo náà. Lọ́dún 1979, ẹ fi rẹ́kọ́ọ̀dù yín àkọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ Jerry Brown, gómìnà California. Lọ́dún yẹn kan náà, Jello Biafra tó ń léwájú orin yín jáde du ipò olórí ìlú San Francisco, ó ní òun yóò pàṣẹ kí àwọn oníṣòwò máa wọ aṣọ aláwàdà nígboro. Dianne Feinstein ló wọlé, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló dìbò fún ọmọ ọdún mọ́kànlélógún náà. Irú yín kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Lóru Ẹ̀fẹ̀, òṣèré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń fi orin bá olóyè wí lójú ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì mú un.

Gbèsè ni mo torí rẹ̀ ń bá yín jà.

Gbèsè kìíní, ti òkú ni. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Jello, Eric Boucher ni wọ́n sọ ọ́ ní Boulder, ní Colorado. O mú Jell-O, ìpápánu dídùn tó ń mì nínú abọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, o so ó mọ́ Biafra, kí àwọn èèyàn rẹ lè rí àjẹyó àti ebi lójú kan. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Biafra tí ebi ogun pa láàrin 1967 sí 1970, tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí èèyàn lè ka egungun ìhà wọn, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, orílẹ̀-èdè wa níbí ni wọ́n sì kú sí. Ẹni tó bá yá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lò gbọ́dọ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ti Kennedy ńkọ́? Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1978, tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gẹ́lẹ́ tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ John Kennedy ní Dallas, ẹ gbé eré kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn orin Mabuhay Gardens. Opó rẹ̀ wà láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Ẹ ní kì í ṣe ìdílé náà lẹ ń bú, pé Amẹ́ríkà tó bàjẹ́ lẹ ń bá wí. Ọmọ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Gbèsè kejì, ti alájọṣe ni. Lóṣù kẹta ọdún 1980, wọ́n pè yín síbi tí wọ́n ti ń fún àwọn olórin agbègbè San Francisco lámì-ẹ̀yẹ. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ kun lẹ́tà S gàdàgbà sí láyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè yín, ẹ dá a dúró, ẹ fa táì dúdú láti ẹ̀yìn ọrùn wá síwájú, ó balẹ̀ sórí S náà, ni àmì dọ́là bá yọ. Ẹ wá fi orin mìíràn sọ fún àwọn oníṣòwò orin pé owó ni wọ́n ń sìn.

Lọ́dún 1986, ọlọ́pàá ya wọ ilé Biafra nítorí àwòrán tí ayàwòrán H.R. Giger yà, tí ẹ fi sínú àwo orin yín, Frankenchrist. Ó dúró gbọn-in. Lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Los Angeles kò fohùn ṣọ̀kan, ẹjọ́ náà tú ká. Ìjọba kò rí i gbé ṣe. Àṣé owó ni yóò mú un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, East Bay Ray, Klaus Flouride àti D.H. Peligro, gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n ní Alternative Tentacles, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, kò san owó àwọn pé. Wọ́n dá a lẹ́bi lọ́dún 2000, ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó tún fìdí rẹmi ní 2003. Ó ní torí pé òun kọ̀ kí Levi's fi orin yín polówó ṣòkòtò ni wọ́n ṣe ń bínú sí òun. Àwọn yòókù ní irọ́ ni. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ń bá wí: ẹni tó bá máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Àmì dọ́là tí ẹgbẹ́ yín gbé kọ́rùn lọ́jọ́ àmì-ẹ̀yẹ yẹn, ara yín ló padà mọ́. Peligro kú ní 2022 láìjẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jọ dúró lórí pèpéle kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi orin bú ìjọba lónìí, ẹ má dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ẹni tó ni orin sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ san owó onílù lọ́jọ́ tó tọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn dápàárá, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bú ọba tó bá wù yín.