Kì í ṣe àkurákudà ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù

Tí mo bá sọ pé mo lọ mòòkùn láàárín àkurákudà, ìyẹn ṣáàkì (kì í ṣe ṣàkì inú ọbẹ̀ o), ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: "Ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni?" Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ló ti bà mí, kì í ṣe inú omi.

Aliwal Shoal ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ. Àpáta abẹ́ òkun ni, nǹkan bíi kìlómítà 5 sí etíkun Umkomaas, ní gúúsù Durban, South Africa. Ọkọ̀ ojú omi méjì ló rì nítòsí ibẹ̀: Nebo ní 1884, Produce ní 1974. Lásìkò òtútù wọn, àkurákudà tí wọ́n ń pè ní ragged-tooth máa ń kóra jọ sáàárín àpáta náà. Eyín wọn yọ síta ṣágiṣàgi, wọ́n sì lè gùn tó mítà 3, ṣùgbọ́n ẹja ni oúnjẹ wọn. Wọ́n wò wá, wọ́n sì bá tiwọn lọ jẹ́jẹ́.

Ohun tó lè ṣe wá léṣe wà nínú àgbá afẹ́fẹ́ tá a gbé sẹ́yìn. Ní nǹkan bíi mítà 30, níbi tí Produce wà, ìfúnpá tó wà lára èèyàn jẹ́ ìlọ́po 4 ti orí ilẹ̀. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tá à ń mí á máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara. Ẹ rántí ìgò mínírà: tẹ́ ẹ bá rọra ṣí i, kò sí wàhálà; tẹ́ ẹ bá ṣí i lójijì, á hó dà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lara wa. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rọra gòkè, tá a sì ń dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3. Tí náítírójìn bá hó nínú ara, oríkèé á máa dunni, ó sì lè rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ta ìrìn àjò náà fún wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tá a mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì! Lójú òfuurufú, ìfúnpá tún máa ń dín kù, bí ìgbà téèyàn tún ìgò náà ṣí. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé ẹni tó bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 18, ó kéré tán.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kò sóhun tó ń ṣe mí."

Mo ní, "Mínírà náà kì í hó kí wọ́n tó ṣí i."

A sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú. Owó lọ, ó sì bínú sí mi di ọjọ́ kejì.

Èrò tèmi rèé: ibi tí wọ́n bá ti ya eyín àkurákudà láti fi polówó, kí wọ́n kọ wákàtí 18 yẹn síbẹ̀ gàdàgbà. Lóòótọ́, owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kan kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ kúkú dín iye ìgbà tẹ́ ẹ máa mòòkùn kù, ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́ ìsinmi. Mọ́tò gan-an ń fẹ́ ìṣọ́ra, torí Johannesburg ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,700.

Àwọn tí àkurákudà ń pa lọ́dún kárí ayé kì í sábà ju mẹ́wàá lọ. Àwa là ń pa tiwọn ní mílíọ̀nù. Ta ló wá yẹ kó bẹ̀rù ta?