Ta Ló Ní Òkun Kì Í Ṣe Ti Ìtàn Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Àwọn kan nínú àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ti sọ ọ́ di àṣà láti máa wí pé ará inú igbó ni Yorùbá, pé ọdẹ ló ni ìtàn akọni tiwa, àti pé òyìnbó ló ni ìtàn atukọ̀ lójú agbami. Fágúnwà nìkan ni ẹ̀rí wọn. Lóòótọ́, mẹ́ta nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ márùn-ún ló ní "igbó" nínú orúkọ. Ṣùgbọ́n ṣebí Fágúnwà kan náà ló mú Ìrèké Oníbùdó (1949) dé ọ̀dọ̀ Àrògìdìgbà nínú ibú omi?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Musin fẹ́ kọ ìtàn nípa ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n jí gbé lójú omi. Olùkọ́ kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, sọ fún un pé kò bá àṣà mu, pé èdè wa kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ ọ́. Ọmọ náà ti padà sí ìtàn ọdẹ báyìí. Bẹ́ẹ̀ irú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ rí! Ní 1820 ni àwọn ajalèlókun mú Òṣífẹ́kúndé ará Ìjẹ̀bú. Ó di ẹrú ní Bràsíìlì, ó sì dé Párís lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé d'Avezac ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845.

Ẹ wá wo àwọn tí a ń fi òkun ta lọ́rẹ. Marryat àti Conrad, ó kéré tán, ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Daniel Defoe tó kọ Robinson Crusoe (1719) kì í ṣe atukọ̀ rárá. Kí sì ni Crusoe ń wá lójú òkun tí ìjì fi fọ́ ọkọ̀ rẹ̀? Láti Bràsíìlì ni ó ti gbéra, etíkun Guinea ni ó forí lé, ẹrú ni ó fẹ́ lọ rà. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ọjà tí ó ń bọ̀ wá rà! Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka ìwé náà rántí erékùṣù àti ojú ẹsẹ̀ nínú iyanrìn. Èyí kò sí lórí ahọ́n wọn.

Àjàyí Crowther ńkọ́? Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ àwọn Pọtogí, Esperança Felix, gbé e kúrò ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gbà wọ́n sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà ní 1837. Wọn á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí Bíbélì Yorùbá, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ìjì wà níbẹ̀, ìgbòkun wà níbẹ̀, ìdákọ̀ró wà níbẹ̀, títí dé ìdí ọkọ̀. Èdè wo ni wọ́n ní kò lọ́rọ̀?

Ṣé ẹni tí kò mọ òkun ló wí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru? Ní ọjà Ládípọ̀ ní Musin, níbi tí ojú kò ti tó òkun, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tà: èyí tó ti òkun bọ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun ni kó tó di orúkọ ọjà.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣẹ́ kù tí òǹkọ̀wé ń wá, Màkókò kò jìnnà sí Musin. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ń tukọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ lọ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ mú bírò dání.