Ìkookò Kọ́ Ló Pa Yúsúfù



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní ilé-kéwú ni ó mọ ìtàn Ànábì Yúsúfù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e jù sínú kànga, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ èké kun ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n sì fi ẹkún wọlé tọ bàbá wọn lọ ní alẹ́ pé ìkookò ni ó pa á jẹ. Ànábì Yàkúbù kò gbà wọ́n gbọ́. Ìkookò kò mọwọ́, kò mọsẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni iṣẹ́ ibi náà ti wá. Àìmọye ìgbà ni mo ti túmọ̀ Súúrà yìí nínú wáàsí Ràmàdáánì, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní àdúgbò wa ní Ọmọ́lé ni ó fi yé mi pé ẹ̀jẹ̀ èké kò tíì tán lára aṣọ tiwa náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ń bọ̀ ní ilé-kéwú wa. Ajá kan yọ láti ẹnu géètì tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ó sì bù ú jẹ ní ẹsẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹnìkan ti ń lọ ata tí yóò fi dí ojú egbò náà, àwọn ọ̀dọ́ sì ti lu ajá náà pa. A béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mùsùlùmí bíi tiwa ni, ìlà àkọ́kọ́ ni ó máa ń dúró sí nínú ìrun. Ó ní ajá ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé ni, òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọlọ́dẹ ní ajá ọ̀gá òun ni. Nígbẹ̀yìn, gbogbo wọn fẹnu kò pé ajá náà ni ó burú.

Èmi pàápàá kò lè wẹ ara mi mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti ń fọ abọ́ tí ajá bá fẹnu kàn. N kò kọ́ wọn rí ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ajá bá bù wọ́n jẹ. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń sọ òkò lu ajá lójú ọ̀nà, mo sì dákẹ́, bí ẹni pé ìjọsìn ni wọ́n ń ṣe.

A fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, a sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn. Ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, ó sì wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n pípa tí a pa ajá yẹn, a ṣe ara wa ni. Bí ó bá ṣeé mú láìséwu, à bá so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá le lẹ́yìn ọjọ́ wọ̀nyí, a ó mọ̀ pé kò sí àrùn nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bu ọmọ jẹ. Òkú ajá tí wọ́n jù sí àkìtàn kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òbí ọmọ náà ni wọ́n ru ìnáwó àti ìfòyà ìyókù.

Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn tí a ń fi ṣeré. Bí ó bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà jùlọ, àti pé nínú 100 ènìyàn tí ó mú, 99 ni ó gbà á láti ara ajá. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ìdáàbòbò ti wà láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur lò ó fún ọmọ kan ní ilẹ̀ Faransé tí òun náà jẹ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Bí ajá 70 nínú 100 ní ìlú kan bá ń gba àjẹsára déédéé, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn mọ́. Ta ni ó yẹ kí ó mú ajá lọ gba abẹ́rẹ́? Ṣé ajá ni?

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìbátan ajá. Ìran ìkookò ni ajá ti wá. Ó ti ju ọdún 14,000 lọ tí ó ti fi igbó sílẹ̀ wá bá ọmọ ènìyàn gbé. Ẹranko tí Lárúbáwá ń pè ní dhi'b ni mo ní lọ́kàn, èyí tí àwọn tí ó túmọ̀ Àlùkùránì pè ní ìkookò. Ìkookò tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí ń fi eyín fọ́ eegun, kì í ṣe ẹbí ajá rárá. Ní ọdún 2015, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹranko kan tí wọ́n ti ń pè ní akátá ní àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, dhi'b gan-an ni.

Òmíràn wà ní orí òkè Bale ní Ethiopia, ilẹ̀ Hàbáṣà níbi tí àwọn Sàhábà àkọ́kọ́ ti rí ààbò. Ó pupa lára, eku ni oúnjẹ rẹ̀, àwọn àgbà rẹ̀ tí ó kù láyé kò sì ju nǹkan bí 500 lọ. Kí ni ó ń pa á? Dìgbòlugi ni, láti ara ajá ilé tí ẹnikẹ́ni kò fún ní abẹ́rẹ́. Ó jà láàrin wọn ní ọdún 1991, ó tún jà ní 2003 àti 2008. Títí di òní, a ṣì ń pariwo pé ìkookò ni apànìyàn.

Àwọn kan yóò ní: kí ló kan Mùsùlùmí kan ajá? Òtítọ́ ni pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tí ó bá sin ajá láìnídìí ń pàdánù nínú láádá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó yọ ajá ọdẹ, ajá ẹran-ọ̀sìn àti ajá oko sílẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì fi ajá tí ń ṣọ́ ilé wé wọn. Ẹni tí ó bá ti ka Rísálà lè ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń ròyìn nípa Ibn Abi Zayd tí ó kọ ọ́: ògiri ilé rẹ̀ wó, ẹ̀rù bà á, ó sì so ajá mọ́lẹ̀. Wọ́n rán an létí pé Ìmáàmù Málíkì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fèsì pé bí Málíkì bá bá ìgbà tàwọn, kìnnìún ni ìbá so. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọmọ́lé, Ògbà àti Ojódù, tí ẹ mọ ohun tí ojú ń rí lóru, ọ̀rọ̀ yìí yóò yé yín.

Lórí ìmọ́tótó, Málíkì ka ajá tí ó wà láàyè sí ohun tí ó mọ́, Ṣáfíì sì kà á sí nájísì. Kí olúkúlùkù tẹ̀lé ohun tí ó kọ́. Àánú ni kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ọlọ́hun forí ji ẹni tí ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ ní omi. Obìnrin tí ó sì so ológbò mọ́lẹ̀ láìfún un lóńjẹ, iná ni ó bá lọ. Kí ni a ó wá wí nípa Bingo tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilé láti òwúrọ̀ dé alẹ́ nínú oòrùn?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Èkínní, ẹni tí kò bá nídìí pàtàkì, kí ó má sin ajá. Èkejì, ẹni tí ó bá ní in, kí ó gbà pé òun ni ó ni ín: kí ó fún un lóńjẹ, kí ó mú un lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, kí ó sì ti géètì rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ pé ajá òun ń bu ènìyàn jẹ, tí ó sì tú u sílẹ̀, gbèsè egbò náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwa alfa fi ọ̀rọ̀ ọṣẹ, omi àti ilé-ìwòsàn kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéwú. A ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwa.

Àwọn àgbà ní ajá tí ó bá lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Ajá tí kò lẹ́ni lẹ́yìn ni ó ń kó àrùn bá ọmọ ènìyàn. Ní ọjọ́ ìṣirò, a kò ní í bi ajá léèrè abẹ́rẹ́ tí kò gbà.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ẹ̀jẹ̀ èké kun aṣọ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ti ẹranko. Àmín.