Oníbàárà kan ṣoṣo kò tó gbójú lé

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ jẹ́ kí a wo Redcar, ẹkùn ìdìbò kan létí òkun ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1850 ni wọ́n rí òkúta irin rẹpẹtẹ ní àwọn òkè Eston nítòsí ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni irin ti ń bọ́ agbègbè náà: bàbá ṣe é, ọmọ ṣe é.

Ní 2010, iná ààrò ńlá wọn kú. SSI, iléeṣẹ́ Thailand, rà á ní 2011, ó sì tún un dá ní 2012. Ṣùgbọ́n owó irin já wálẹ̀ lágbàáyé, gbèsè wọ SSI lọ́rùn, ó sì kógbá sílé ní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Òṣìṣẹ́ bíi 2,200 pàdánù iṣẹ́. Àwọn tó ń bá a gbẹ́rù, tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe, fara gbá a pẹ̀lú. Ó tún jẹ wọ́n lówó.

Èrò tèmi ni pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ẹnì kan bá ń ra èyí tó ju ìdajì ọjà yín lọ, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tètè wá ẹlòmíràn kún un. Ẹ má sì jẹ́ kí àwìn yín pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ti ilẹ̀kùn, tiyín á ṣì wà ní ṣíṣí.