Owó Orí Tí Georgia Ń Dárí Rẹ̀ Ji Àwọn Oní-sinimá: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Ní Òṣùwọ̀n

Bí ayẹyẹ bá ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá, tí onílù ń fi ìlù ki ènìyàn, tí orí ẹni tí à ń kì sì wú, àpò ara rẹ̀ ni í ti ọwọ́ bọ̀, owó ara rẹ̀ ni yóò sì lẹ̀ mọ́ iwájú orí onílù. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé èló ni ó ná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń ná an bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ijó. Àwọn tí wọ́n dá owó náà, títí kan ẹni tí kò tilẹ̀ wá síbi ayẹyẹ, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ni ẹgbẹ́ rí gbà.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń bi ìjọba wọn nípa owó orí tí ó ń dárí rẹ̀ ji àwọn tó ń ya sinimá. Ṣé kí ìjọba máa bá a lọ ni, tàbí kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣẹ̀ yìí.

Òǹkàwé kan lè sọ pé kí ló kan ojú ìwé àṣà nínú owó orí àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó kàn án. Sinimá Black Panther tí ó jáde ní ọdún 2018 sọ ìtàn ìjọba kan nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fi ọgbọ́n inú dá sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi igbó Sàmbísà ti orílẹ̀-èdè wa sínú ìtàn náà. Síbẹ̀, Atlanta tí í ṣe olú-ìlú Georgia, àti agbègbè rẹ̀, ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin owó orí wà lára ohun tó ń fa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Georgia. Bí òfin owó orí bá lè pinnu ibi tí wọn yóò ti sọ ìtàn àwọn ènìyàn kan, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àṣà ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2005 ni Georgia ṣe é, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọdún 2008. Ilé-iṣẹ́ sinimá tí ó bá ná tó dọ́là 500,000 ní ìpínlẹ̀ náà yóò gba ìdáríjì owó orí dọ́là 20 lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan tí ó bá ná. Bí ó bá tún gbà láti fi àmì ìpolówó ìpínlẹ̀ náà, èyí tí a ya èso píìṣì sí, sínú sinimá rẹ̀, yóò gba 10 sí i. Gbogbo rẹ̀ di 30 lórí 100. Níbi tí ọ̀rọ̀ gbé ta kókó nìyí: púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wá láti ìta, wọn kì í sì í jẹ Georgia ní owó orí tí ó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òfin fún wọn láyè láti ta ìdáríjì náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tàbí olówó tí ó jẹ ìjọba ní gbèsè owó orí. Olówó yẹn yóò rà á ní ẹ̀dínwó díẹ̀, yóò sì fi í san gbèsè rẹ̀. Oní-sinimá rí owó, olówó rí èrè, àpò ìjọba ni ó fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò sì fi gbèdéke kankan sí iye tí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ lọ́dún.

Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn òfin náà kò sọ̀rọ̀ lásán. Ní ọdún ìṣúná tí ó parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé iṣẹ́ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n 412 ni wọ́n ya níbẹ̀, tí àwọn tó yà wọ́n sì ná dọ́là bílíọ̀nù 4.4. Kì í ṣe òṣèré nìkan ní í jẹun níbi sinimá. Kafíńtà ń kan ilé àfarawé, oníná ń so iná, aránṣọ ń rán aṣọ, onídìrí ń dirí, alásè ń se oúnjẹ, awakọ̀ ń gbé ẹrù. Ní ọdún 2014 ni wọ́n ṣí ọgbà sinimá ńlá kan sí Fayetteville, èyí tí à ń pè ní Trilith lónìí. Ní ọdún 2019, Tyler Perry, ọmọ adúláwọ̀ tí ó ti inú ìyà dìde, ṣí ọgbà sinimá tirẹ̀ sórí ilẹ̀ éékà 330 ní Fort McPherson, bárékè ológun àtijọ́ kan ní Atlanta. Ẹni tí ó bá ní nǹkan wọ̀nyí kò jámọ́ nǹkan kan ń pa irọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ayẹ̀wéwò ìpínlẹ̀ náà fúnra wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n fi hàn pé wọ́n ti bu iyọ̀ sí èrè tí wọ́n ń polongo, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan gba ìdáríjì tí kò tọ́ sí wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni òfin tuntun jáde pé kí a máa yẹ ìwé gbogbo àwọn tó ń gba ìdáríjì náà wò. Ní ìparí ọdún 2023, àyẹ̀wò mìíràn tún jáde tí ó sọ pé lórí dọ́là kan tí ìjọba bá yọ̀ǹda, sẹ́ǹtì 19 péré ni ó ń padà sínú àpò rẹ̀. Bí ẹni ná náírà kan tí ó rí kọ́bọ̀ 19 gbà ni. Nígbà tí ó di ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré fọwọ́ sí àbá kan tí yóò fi gbèdéke sí ìdáríjì tí wọ́n lè tà lọ́dún. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà kò sọ ọ́ di òfin.

Ó yẹ kí a ṣe òótọ́ lórí sẹ́ǹtì 19 yìí. Ohun tó padà sí àpò ìjọba ni ó ń wí, kì í ṣe ohun tí kafíńtà àti alásè gbé relé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba kọ́ kì í dá owó padà ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, a kò sì torí ìyẹn ní kí wọ́n tì í. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: nígbà tí owó bá ti lọ tán, kí ni ó ṣẹ́kù? Ilé-ẹ̀kọ́ ṣẹ́kù, ọ̀nà ọkọ̀ ṣẹ́kù. Kí ni ó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn sinimá?

Àwọn àgbà ní bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín kò ní parun. Òwe yìí ni a fẹ́ fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Bí ilé-iṣẹ́ sinimá bá kó ẹrù rẹ̀, tí àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè máa bá iṣẹ́ lọ, owó ìlú kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ìdáríjì bá tán ni iṣẹ́ náà kú, a jẹ́ pé ìlú kò kọ́ iṣẹ́, ó kàn ń háyà rẹ̀ ni.

Michigan ti fi ojú rí èyí. Ní ọdún 2008, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó lè dá tó dọ́là 42 lórí 100 padà fún oní-sinimá. Ní Pontiac, wọ́n sọ ọgbà ọ́fíìsì kan tí General Motors ti lò rí di ọgbà sinimá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya Oz the Great and Powerful tí ó jáde ní ọdún 2013. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ṣe onídùúró fún gbèsè ọgbà náà, nígbà tí àwọn tó ni ín kò sì rí gbèsè san ní ọdún 2012, owó ìfẹ̀yìntì ni ó san án. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ọdún 2015, Gómìnà Rick Snyder fọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí ètò náà. Ní Iowa ẹ̀wẹ̀, ọdún 2009 ni gómìnà dá ètò tiwọn dúró, nígbà tí àṣírí tú pé àwọn kan ti fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó iyebíye fún ara wọn.

Àwọn kan yóò ní Georgia kì í ṣe Michigan, pé bí ó bá dín ọwọ́ kù, àwọn oní-sinimá yóò sá lọ. Òtítọ́ ni pé wọ́n lè lọ. Bí wọ́n ṣe wá náà nìyẹn. Sinimá The Hunger Games tí ó jáde ní ọdún 2012, North Carolina ni wọ́n ti yà á. Nígbà tí ó fi máa di èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2013, Georgia ni wọ́n gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ. Georgia náà ti ń rí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya Avengers: Infinity War àti Avengers: Endgame, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Avengers: Doomsday ní ọdún 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ náà gbà lọ. Ní ọdún 2025 yìí kan náà, California gbé iye tí ó ń yà sọ́tọ̀ fún oní-sinimá lọ́dún kúrò ní dọ́là mílíọ̀nù 330 sí mílíọ̀nù 750. Ní Georgia, owó tí wọ́n ná lórí sinimá ti wálẹ̀ sí dọ́là bílíọ̀nù 2.6 ní ọdún ìṣúná tí ó parí ní 2024, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òǹkọ̀wé àti òṣèré ní ọdún 2023 lọ́wọ́ sí i. Òfin Georgia kò sì yí padà ní gbogbo àkókò yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dín ìdáríjì kù. Bí a bá ní kí a máa bá wọn dù ú lórí owó nìkan, ìlú tí ó bá ṣubú kẹ́yìn ni yóò borí.

Àṣà wa ní ohun tí ó lè sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí eré alárìnjò ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi yé wa pé ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni eré náà ti rú yọ. Abẹ́ òjìji ọba ni àwọn òṣèré gbé kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò jókòó ti ọba títí. Nígbà tí eré wọn dàgbà, wọ́n gbé e jáde, wọ́n ń ti ìlú dé ìlú, òǹwòran sì ń bọ́ wọn. Ìrànlọ́wọ́ ààfin dà bí ọwọ́ tí ìyá fi ń mú ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn. Ọmọ tí ó ti lé ní ogún ọdún tí a ṣì ń mú lọ́wọ́, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò le, tàbí àwa ni a kò fẹ́ kí ó rìn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí Georgia má ṣe pa ètò náà run lójijì, kí ó má sì fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ìjọba fi gbèdéke sí gbogbo ohun tí yóò yọ̀ǹda lọ́dún, bí ó ti ń fi gbèdéke sí owó ilé-ìwé àti ti ilé-ìwòsàn. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó fún ẹni tó gba ọmọ ìlú síṣẹ́, tó sì kọ́ ọ níṣẹ́, ju ẹni tó kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá láti ìta lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ìdáríjì tí wọ́n lè tà máa dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, kí oníṣẹ́ lè rí àyè múra sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ìròyìn ayẹ̀wéwò máa jáde ní gbangba lédè tí mùtúmùwà yóò gbọ́.

Bí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tiwa bá ń ronú láti ṣe irú òfin yìí, kí wọ́n wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Olóyè Hubert Ògúndé gbé sinimá Aiyé jáde ní ọdún 1979, ó sì dá abúlé sinimá sílẹ̀ ní Ọ̀sọsà, ìlú rẹ̀. Lóde òní, Kúnlé Afọláyan kọ́ tirẹ̀ sí Ìgbòho ní Òkè-Ògùn, ibẹ̀ ni ó sì ti ya Aníkúlápó tí ó jáde ní ọdún 2022. Ohun tí ó ṣe oní-sinimá wa lóṣé jù lọ kì í ṣe owó orí. Ayédèrú ni. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ná owó rẹpẹtẹ sórí Ọ̀run Mooru ní ọdún 1982, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà, ó sì kó o sí gbèsè. Ìjọba tí ó bá fẹ́ ran sinimá lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ so àwọn olè wọ̀nyí mọ́lẹ̀, kí ó fún wọn ní iná mànàmáná, kí ó tún ọ̀nà Ìgbòho àti ti Ọ̀sọsà ṣe. Oní-sinimá yóò jàǹfààní rẹ̀, àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò sì jàǹfààní rẹ̀.

Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. A kò lè bá àwọn oní-sinimá wí pé wọ́n ń béèrè. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tí a fi ìṣúra ìlú sí lọ́wọ́ ni kí ó mọ iye tí òun yóò fi sílẹ̀, àti ọjọ́ tí òun yóò sọ pé ó tó.