Oògùn Ìsanra Kò Lè Wo Ohun Tó Ń Mú Ni Rù

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń rù lójoojúmọ́, tí kò gbààwẹ̀, tí kò dín oúnjẹ kù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní Sabon Gari ní ìlú Kano, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá, Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé tí wọ́n sì ń ṣòwò láti ayé ìjọba amúnisìn, àlàyé mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní ìrònú àti ìnira ìlú ló fà á, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni, àwọn yòókù á sì máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé éèdì ni. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Ohun tó burú jù ni ìgbésẹ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e: ẹni náà á gba kẹ́míìsì lọ láti ra oògùn ìsanra. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Sabon Gari ni ojúkò ọjà oògùn ní Kano, kí àṣẹ ilé ẹjọ́ tó mú kí àwọn alágbàtà oògùn kó lọ sí Dangwauro ní ọdún 2024. Ọjà lè kó kúrò, ṣùgbọ́n àṣà kí ènìyàn máa ra oògùn láìrí dókítà kò bá ọjà lọ. Nínú àwọn oògùn tí àwọn ènìyàn ń lò kí ara wọn lè kún ni dexamethasone wà. Lóòótọ́ ni ó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, tí ó sì ń mú ebi pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga sókè, ó sì ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Bí ó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń mú ẹni náà rù, ńṣe ni oògùn yìí ń bu epo sí iná.

Àwọn dókítà ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ rírù tó yẹ kí ó kọ ni lóminú. Bí ènìyàn bá pàdánù tó ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12 láìmọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 80, kílò 4 péré nìyẹn. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n nílé lè fi ìgbànú, aṣọ tó ti ń já bọ́ lára, tàbí fọ́tò ọdún tó kọjá mọ̀ ọ́n.

Ohun tó lè fà á pọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fà á, pàápàá bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tí òógùn sì ń bo ẹni náà lóru. Àtọ̀gbẹ a máa mú òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ wá. Bí ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọ̀fun, èyí tó ń wú di gẹ̀gẹ̀ nígbà mìíràn, bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n. Kòkòrò HIV, jẹjẹrẹ, ọgbẹ́ inú, àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí ti kíndìnrín àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà wà níbẹ̀. Fún àgbàlagbà, ó lè jẹ́ eyín tó ń dùn tàbí oúnjẹ tí kò gba ọ̀fun lọ mọ́.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Yóò béèrè bóyá oúnjẹ ń wu aláìsàn jẹ, nítorí ẹni tó ń jẹun púpọ̀ tó sì ń rù yàtọ̀ sí ẹni tí oúnjẹ ń rùn sí. Yóò béèrè nípa ìgbẹ́, oorun, oògùn tó ń lò, àti bóyá owó oúnjẹ ni kò tó. Lẹ́yìn náà ni yóò yẹ ẹnu, ọrùn, abíyá àti ikùn wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, HIV, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e, àti àwòrán àyà. Ohun tí ìwọ̀nyí bá fi hàn ni yóò sọ bóyá ó yẹ láti ya àwòrán ikùn tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀nà oúnjẹ. Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ lè máà fi ohunkóhun hàn. Èyí kò ní kí aláìsàn má padà wá mọ́. Dókítà á fẹ́ tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Àṣà mìíràn tó yẹ kí ó dópin ni kí wọ́n máa dì ẹni tó ń rù sínú ọkọ̀ lọ sílé láìtíì ṣe àyẹ̀wò kankan. Ilé ìwòsàn Murtala Muhammad àti Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Aminu Kano wà ní Kano. Asibitin Zana, tó wà fún àwọn àrùn tó ń ràn, wà ní Fagge. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ṣe àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oṣù 6 sì ni a sábà máa ń lò ó. Kí wọ́n kó ẹni tó ń wúkọ́ sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì láti Kano dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ ewu fún òun àti fún àwọn tó jókòó tì í.

Ìtìjú kò yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà fún ètò ìlera rí, sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn éèdì ló pa á. Lónìí, ẹni tó bá tètè mọ̀ pé òun ní HIV tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè dàgbà dàrúgbó. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí ẹni tí ìgbànú rẹ̀ ti ń tú kọ́kọ́ lọ gun òṣùwọ̀n nílé ìwòsàn, kí ó tó ná kọ́bọ̀ lórí oògùn ìsanra.