Ọmọ Ajá tí ó Dé Ilé Àlejò

Àwọn àgbà a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà dára, a sì ti fi í kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ènìyàn tí etí wọn di sí ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí a bá mú un padà sí ọ̀dọ̀ ajá fúnra rẹ̀, ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò tí ì parí. Ajá tí a gbé wá láti oko lánàá, tí kò gbọ́ fèrè yìí rí láti ìgbà tí a ti bí i, ta ni yóò dá a lẹ́bi bí kò bá jẹ́ ẹ lónìí? Fèrè ilé àkọ́kọ́ ni etí rẹ̀ mọ̀. Ẹni tí ó rà á ní láti fi sùúrù kọ́ ọ ní fèrè tirẹ̀. Bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe fi òwe bo àìbìkítà ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe ti ọmọ ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí ó kéré bẹ́ẹ̀ yóò sunkún ní òru méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́hìn náà yóò di ọmọ ilé. Èyí tí ó ti pé oṣù mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó ṣòro. Ní ọdún 1965, John Paul Scott àti John L. Fuller, àwọn onímọ̀ méjì ní Bar Harbor ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ajá tí wọ́n tọ́ tí wọ́n sì ṣọ́ fún ọdún púpọ̀. Wọ́n fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù lọ láti bá ènìyàn rẹ́. Ohun tí ó bá mọ̀ ní àkókò náà kì í dẹ́rù bà á mọ́. Ohun tí kò bá rí nígbà náà, ìbáà ṣe ọmọdé tí ń sáré, ìbáà ṣe alùpùpù tàbí ariwo ẹ̀rọ iná, yóò máa fu ú lára. Ó ṣì lè kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́hìn èyí, ṣùgbọ́n kò ní yá bí ti ìṣáájú.

Ẹ wo bí irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ti máa ń dé ilé. Onílé kan ní Ìbàdàn rà á lọ́wọ́ ọdẹ ní ìhà Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ sínú àpò, wọ́n tì í sí ẹ̀hìn ọkọ̀ nínú ooru ọ̀sán, ó ń bì, ó ń wá ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi tú àpò, gbogbo ọmọ àdúgbò ti pé lé e lórí. Ọ̀kan fà á létí, èkejì gbé e sókè, ẹ̀kẹta ju egungun lù ú. Lẹ́hìn náà wọ́n so ó mọ́ igi ní ẹ̀hìnkùlé, olúkúlùkù sì lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gé okùn jẹ, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé a sì wí pé, “Ajá burúkú ni.”

Ìbá sàn kí onílé náà tọrọ aṣọ àkísà kan tí ajá náà ń sùn lé lórí níbi tí ó ti rà á, nítorí imú ni ajá fi ń mọ ilé ṣáájú ojú. Kí ó béèrè ohun tí ó ń jẹ pẹ̀lú, kí ó sì máa fún un ní irú oúnjẹ kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yí i padà díẹ̀díẹ̀, kí inú rẹ̀ má bàa ṣí. Bí ó bá délé, kí wọ́n fún un ní igun kan tí ó pa rọ́rọ́, omi, àti aṣọ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ jìnnà sí i ní ọjọ́ náà. Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó máa bọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí onítọ̀hún jókòó ní tòsí rẹ̀, kí ó má ṣe tẹjú mọ́ ọn, kí ó máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Bí ẹ̀gúsí bá wà ní bíbó, kí ó máa bó ẹ̀gúsí. Ajá náà ni yóò wá fi imú kan ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá tó àkókò, bóyá ní ọjọ́ kejì, bóyá ní ọjọ́ kẹfà. Òun ni kí ó yan ọjọ́ náà. Ní òru, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ti lè gbọ́ mímí àwọn ènìyàn sàn fún un ju ẹ̀hìnkùlé lọ.

Ti ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni ó ń fa ẹgba jù. Ìyá ilé bá ìtọ̀ lórí ilẹ̀ ní òwúrọ̀, ó sì fa ajá náà wá, ó fi imú rẹ̀ gbo ibẹ̀, ó nà án. Ajá kò lè fi ẹgba ìsinsìnyí ṣe ìtumọ̀ ohun tí ó ṣe ní wákàtí kan sẹ́hìn. Ohun tí ó kọ́ ni pé ọwọ́ ìyá ilé ń dunni. Kí wọ́n máa mú un lọ sí ibìkan náà nígbà tí ó bá jí, nígbà tí ó bá jẹun tán, àti nígbà tí ó bá ṣeré tán, kí wọ́n sì yìn ín bí ó bá ṣe é níbẹ̀. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tí ó bàjẹ́ títí òórùn yóò fi tán. Bàtà bàbá tí ó sì ń jẹ, láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni eyín rẹ̀ ń pààrọ̀, ẹnu ń yún un. Aṣọ àtijọ́ tí a ta ní kókó ni oògùn rẹ̀. Kí wọ́n má fún un ní egungun adìẹ tí a ti sè, nítorí a máa fọ́ sí ṣóńṣó nínú ọ̀nà ọ̀fun. Kí wọ́n má sì da ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Orúkọ ńkọ́? Ilẹ̀ Yorùbá ni a ti ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò wíjọ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀dùn ọkàn yóò fi odindi gbólóhùn sọ ajá rẹ̀, yóò sì máa fi ohùn rara pè é ní ìdájí kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Ó dùn láti gbọ́, ṣùgbọ́n ajá ni ìyà jẹ. Orúkọ kúkúrú, tí gbogbo ilé ń fi ohùn kan náà pè, tí oúnjẹ ń tẹ̀lé ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ni fèrè tí òwe ń wí.

Àwọn kan yóò wí pé irú ìtọ́jú báyìí ni í ba ajá jẹ́, pé ẹ̀wọ̀n, ebi àti ata nínú oúnjẹ ni í sọ ajá di akin tí ń ṣọ́ ilé. Ata kò fi ìgboyà sí inú ajá rí. Inú rírun ni ó ń fún un. Ajá tí a so tọ̀sán-tòru yóò di òṣónú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣónú kò mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí olè. Ẹni tí ó fẹ́ ìṣọ́ yẹ kí ó fẹ́ ajá tí ó mọ àwọn tí ó ń ṣọ́. Okùn kò burú fún ìrìn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí ẹnìkan bá di i mú.

Ajá tí ó sá kì í ṣe owó tí ó ṣègbé nìkan. Bí ó bá sá kí ó tó rí oníṣègùn ẹranko, yóò darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń jẹun lórí ààtàn, níbẹ̀ ni ó sì ti lè kó àrùn dìgbòlugi. Bí ó bá padà yọ lẹ́hìn oṣù mélòó kan, àwọn ọmọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ní Éṣíà àti Áfíríkà jù lọ, àti pé ajá ni ó ń kó o ran 99 nínú 100 wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ikú ni nígbà gbogbo. Ẹni tí ajá bá bù jẹ yẹ kí ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, àní bí ajá náà tilẹ̀ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ dá. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Louis Pasteur fi gba ọmọdé ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan là ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1885.

Ajá tí ó ti pé oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń ra ti oṣù márùn-ún béèrè ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ó tó kà owó sílẹ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá wí pé ó ti gbà á ṣùgbọ́n ìwé ti sọnù, kí ó kà á sí èyí tí kò gbà á rí. Kí wọ́n fún un ní oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, nítorí aràn ajá a máa ran àwọn ọmọdé tí ń fi ọwọ́ ṣeré nínú erùpẹ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà, àti ti ọdún tí ń bọ̀, sí ojú ewé àlùmánákì yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbin àgbàdo.